Ọ̀pá tí Kò Dé Orí Pẹpẹ

Ọ̀pá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí èmi, olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, ti ń múra Máàsì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kilcorran. Àwọn obìnrin tó ń wá to òdòdó rò pé mo fi ń ṣí fèrèsé òkè ni. Ọ̀pá Colman Hanrick ni, ọkọ àbúrò mi, tó gba họ́lìn, eré bọ́ọ̀lù kékeré tí a ń fi ọ̀pá gbá, fún páríìṣì yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún, tó sì kú lóṣù Kejì ọdún tó kọjá. Ó yẹ kí ọ̀pá náà dé orí pẹpẹ lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Kò débẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kó débẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe òótọ́.

Ọmọ ìdílé tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Colman. Bàbá rẹ̀ gé ọ̀pá àkọ́kọ́ fún un látara igi áàṣì tó wà lẹ́nu géètì wọn, níbi ìdí igi tí gbòǹgbò ti tẹ̀ wọ ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni igi ti máa ń tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀pá ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ògiri ilé wàrà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ń kó wàrà lọ tà, ló ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́, láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, àti lálẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀gá ilé wàrà jáde sí i lọ́jọ́ kan.

"Colman, kí ni ògiri yìí ṣe ẹ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, sà. Òun nìkan ló ń dá bọ́ọ̀lù padà fún mi ni."

Ọ̀gá náà sọ ọ̀rọ̀ yìí káàkiri bí àwàdà, gbogbo páríìṣì sì fi rẹ́rìn-ín fún ọdún púpọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n mú un sínú ẹgbẹ́ àgbà, wọ́n sì fi í sẹ́yìn, níwájú aṣọ́lé. Iṣẹ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní ẹwà. Wọ́n á fún ọ ní ọkùnrin kan, wọ́n á ní kí ó má gbá bọ́ọ̀lù. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Géètì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ lápá ibẹ̀, gbogbo àwọn ará wa á pariwo pọ̀: "Géètì ti tì!" Wọ́n pè é sínú ẹgbẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì fún méjì nínú rẹ̀. Kò ráhùn. Lọ́jọ́ eré, á ti fún wàrà màlúù mẹ́rìnlá kó tó jáde, á sì tún padà wá fún wàrà wọn lálẹ́, pẹ̀lú ìka tó wú bí ọ̀dùnkún.

Statia, àbúrò mi, ló lọ bá a sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ pé obìnrin kan fẹ́ràn òun. "Mo ní kó bá mi jó," ló wí fún ìyá wa, "ó sì tẹ̀ lé mi káàkiri bí ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù." Wọ́n fẹ́ra wọn. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ.

Ọdún 1979 ni a dé àṣekágbá ìpínlẹ̀, a sì pàdé Ardnagall. Odò kan ló wà láàárín wa, pẹ̀lú afárá tó gba mọ́tò kan ṣoṣo. Àwọn ará ibẹ̀ ń gbàdúrà sí Ọlọ́run kan náà, wọ́n ń ta wàrà níbì kan náà, ṣùgbọ́n a kì í lọ síbẹ̀ láìnídìí. Nígbà yẹn, ẹni tó bá dé àṣíborí wọ pápá, wọ́n á béèrè bóyá ìyá rẹ̀ ló de okùn rẹ̀ fún un. Orí gbogbo ènìyàn ló ṣófo.

Ọmọ ọdún méjìlélógún kan wà lọ́dọ̀ wọn, Lar Cloney. Kí a tó lọ sinmi, ó ti gbá góòlù méjì wọlé lórí Colman. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí. Àwọn ará Ardnagall ń kọrin: "Ta ló gbàgbé láti ti géètì?" Nígbà ìsinmi, olùkọ́ni wa dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Colman, jẹ́ kó mọ̀ pé o wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nígbà ìsinmi gbogbo ni. Ẹni tó sọ ọ́ ti kú, mi ò sì rò pé ó ní ìkà kankan lọ́kàn.

Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Lar gba bọ́ọ̀lù, ó gbá a síwájú, ó sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ọ̀pá Colman fì sókè. Lar ṣubú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Rẹfirí ń wo bọ́ọ̀lù, nítorí náà kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbé Lar jáde, ojú òsì rẹ̀ kò sì ríran mọ́ títí dòní. Póìntì kan la fi borí.

Ọjọ́ kejì, gbogbo Kilcorran ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ó sáré wọ inú ọ̀pá ni." Wọ́n sọ ọ́ nídìí iná ìdùnnú tí a dá ní oríta, wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wà lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí, mo sì rí ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Èmi náà ní ó sáré wọ inú ọ̀pá ni. Lar fúnra rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Colman gba họ́lìn fún ọdún mẹ́wàá sí i. Ó gbé ọ̀pá ọjọ́ náà kọ́ sára ògiri ilé màlúù, kò lò ó mọ́, òmíràn ló ń lò. Àwọn ènìyàn ní ó ti di oníwà pẹ̀lẹ́ lórí pápá, pé ọjọ́ orí ló fà á. Nígbà tí orúnkún kọ̀ fún un, ó fi í sílẹ̀, ó lọ ń wa ọkọ̀ fún ilé wàrà. Àìsàn mú Statia ní ọdún 2014. A gba rósárì lé e lórí láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹsàn-án, ní ìdílé, lórí ìkúnlẹ̀, lójoojúmọ́. Ó kú. Fàdá ní Ọlọ́run ti gbọ́. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, Fàdá. Mo gbàgbọ́ nígbà náà, mo gbàgbọ́ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń di okùn bàtà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, Colman dúró dè mí lẹ́yìn Máàsì àárọ̀. Mo ń pa àbẹ́là.

"Àna," ló wí, "bọ́ọ̀lù ti lọ."

"Bọ́ọ̀lù wo?" ni mo bi í, bí ẹni pé mi ò mọ̀.

"Bọ́ọ̀lù ti lọ kí n tó gbé ọ̀pá. Mo mọ̀ pé ó ti lọ."

Ó sọ fún mi pé òun ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1979, kí àmì ẹ̀yẹ tó dé ọwọ́ òun. Fàdá ìgbà náà dárí jì í lórúkọ Ọlọ́run, ó sì ní kó lọ bá Lar, kó sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara rẹ̀. Ó ti ń lọ láti ìgbà náà. Ọdún méjìdínlógójì. Ó máa ń wakọ̀ dé orí afárá, á sì yí padà.

Mo ní, "Ọlọ́run ti dárí jì ẹ́, Colman. Ìyẹn ti parí."

"Mo mọ̀ nípa Ọlọ́run. Ti Lar ni mo ń sọ."

"Màá máa gbàdúrà kí ọ̀nà ṣí."

"Máa gbà á o, àna. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í ṣe ará Ardnagall, kò mọ bí ojú àwọn èèyàn yẹn ṣe máa ń rí."

Mo gbàdúrà náà. Ọdún márùn-ún ni mo fi gbà á.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Colman kan ilẹ̀kùn mi, ó ti wọ kóòtù dúdú tó wọ̀ sin Statia.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ. Lar Cloney ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rédíò. Laurence Cloney, Ardnagall. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílé fún ìdágbére láti aago mẹ́rin."

Rédíò àdúgbò wa máa ń ka orúkọ àwọn tó kú lẹ́yìn ìròyìn àárọ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan níbí tó máa ń fi ẹnu kan tíì kí wọ́n tó kà á tán. Colman gbọ́ orúkọ, ó pa rédíò. Ká ní ó dúró díẹ̀ sí i, ì bá gbọ́ ìyókù. Èmi náà ò gbọ́, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú ọkọ̀, ó ń gbá ọwọ́ mọ́ra. "Màá di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú pósí, màá sì sọ ọ́. Kò ní lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n màá ti sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ ojo ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ fún un, nítorí mo rò pé ọ̀nà tí Ọlọ́run ṣí nìyẹn, kékeré tó jẹ́ náà. A kọjá afárá. Kò ní kí n yí padà.

Ìlà àwọn ènìyàn ti gùn dé ojú títì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ọkọ̀ dá a mọ̀ láti òkèèrè, àgbàlagbà apárí kan.

"Áà! Géètì! Ta ló ṣí ẹ?"

"Irin ẹ̀ ti dógùn-ún," ni Colman wí.

"Ìwọ lo ti dógùn-ún o! Gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, má lọ ṣubú sí wa lọ́rùn, òkú kan ti tó wa lónìí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí a ṣe máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà òkú. A ń fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ síwájú. Níbí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń sọ: o óò bọ ọwọ́ ìdílé lọ́kọ̀ọ̀kan, o óò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ ti ìyọnu yín," wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá," o óò sì kọjá síwájú pósí. Ó rọrùn, ó sì dára, nítorí kò sí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tì.

A wọ yàrá náà. Mo kọ́kọ́ wo inú pósí. Arúgbó ló wà níbẹ̀, arúgbó tó gbẹ bí ewé tábà, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé Lar ní àbúrò bàbá tó tọ́ ọ dàgbà, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, tó ti wà lórí ibùsùn láti ìgbà pípẹ́ débi pé àwa ará ìhà kejì odò rò pé wọ́n ti sin ín. Mo fẹ́ fa Colman lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ jù. Lar Cloney dúró níbi orí pósí, ó wọ kóòtù dúdú, ó ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, ojú òsì rẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe kò sì yí síbì kankan.

Ọwọ́ Colman ti wà nínú ọwọ́ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ ti ìyọnu rẹ, Lar."

"O ṣeun tó o wá."

Colman kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó pupa. "Pẹ̀lẹ́ ti ìyọnu rẹ, Lar," ló tún wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

Lar yí gbogbo orí rẹ̀ kí ojú kan tó kù lè bá a.  Ó wá bi í jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà:

"Ìyọnu wo nínú wọn, Colman?"

Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí láyé, mi ò rí ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu báyìí rí. Ó ti mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà gan-an, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síwájú ọkùnrin náà báyìí, kó kàn mú un ni. Mo gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo gbà: Olúwa, nísinsìnyí.

Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká lọ, tíì ń tutù o."

Colman la ẹnu. "Ti… ti bàbá," ló wí. "Ti bàbá arúgbó."

"Ó dáa," ni Lar wí. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. "O ṣeun."

Mo bọ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ní ilé ìdáná, wọ́n gbé tíì fún wa àti búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí. Colman mú tirẹ̀ dání títí a fi jáde, kò jẹ ẹ́.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ̀rọ̀. "Ó ṣí i fún mi, àna."

"Mo rí i."

"Mo sì tì í." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́. "Géètì."

Mo ní ká padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní ká jẹ́ kí wọ́n sin òkú wọn tán. Lẹ́yìn náà ó ní lẹ́yìn Kérésì. Lẹ́yìn Kérésì yìnyín bolẹ̀. Igi áàṣì ẹnu géètì wọn ti ń kú nígbà náà, àìsàn tó ń pa gbogbo áàṣì orílẹ̀-èdè yìí láti orí wá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn kan láti ìjọba sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára pé kí wọ́n gé e. Ó ń wo àmì náà lójoojúmọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, ó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ màlúù, ó ṣubú, ọkàn rẹ̀ dúró. Awakọ̀ ilé wàrà ló bá a nílẹ̀.

Mo ti bi ara mi léèrè bóyá ẹni tó gbọ́ àdúrà mi ló jẹ́ kí Colman pa rédíò kí wọ́n tó kà á tán. Tó bá jẹ́ Òun ni, ó gbọ́ àdúrà náà pátápátá, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Tí kì í bá ṣe Òun, mi ò mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Mi ò bi Fàdá. Mo mọ ohun tó máa sọ.

Nítorí pé wọn ò bímọ, èmi ni mo dúró níbi orí pósí Colman. Ẹgbẹ́ họ́lìn gbé ẹ̀wù eré rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ 1979, àti ọ̀pá tí wọ́n lọ já lára ògiri ilé màlúù, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ pósí. Níbí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń bá búrẹ́dì àti wáìnì lọ síwájú pẹpẹ nígbà Máàsì ìsìnkú. A máa ń ní: wò ó, Olúwa, ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe nìyí.

Nígbà tí ilé kún dáadáa, mo rí Lar Cloney nínú ìlà. Kò sí ará Ardnagall mìíràn pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ ti ìyọnu yín," ló wí fún mi.

"O ṣeun tó o wá, Lar." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó fẹ́ bá ẹ…"

"Mo mọ ohun tó fẹ́. Mo bi í."

"Ó wà lẹ́nu rẹ̀, Lar. Mo fi Ọlọ́run búra, ó wà lẹ́nu rẹ̀."

"Ibẹ̀ náà ló wà báyìí," ni Lar wí.

Ó súnmọ́ pósí. Ó wo ojú Colman, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá gbé ọ̀pá náà. Ó fi àtàǹpàkò tọ ọ̀já irin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ, láti òpin dé òpin. 

"Ṣé èyí ni?"

"Òun ni."

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá. "Ẹ gbé ẹ̀wù rẹ̀ lọ. Ẹ gbé àmì ẹ̀yẹ náà lọ, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Ẹ má gbé èyí síwájú Ọlọ́run bí ẹ̀bùn."

Ó jáde, kò dúró mu tíì.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Máàsì bẹ̀rẹ̀, alága ẹgbẹ́ wọlé bá mi, òógùn bò ó.

"Ned, ọ̀pá dà? Ọ̀pá Géètì dà? Àwọn tó máa gbé e ti tò sílẹ̀!"

Ọ̀pá náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ ṣí wọlé. Mo lè sọ fún un nígbà náà. Mo lè ní bọ́ọ̀lù ti lọ, mo wà níbẹ̀, mo rí i, irọ́ ni gbogbo wa pa. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Mo ti wọ aṣọ funfun Máàsì, mo mú àwo búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Mi ò rí i," ni mo wí. "Bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílé."

Ó bú àwọn tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílé, ó jáde. Mo gbé búrẹ́dì síta, sórí tábìlì ẹ̀bùn tí wọ́n to ẹ̀wù àti àmì ẹ̀yẹ sí. Nígbà tí gbogbo ìjọ ń kígbe pọ̀ pé a ti dẹ́ṣẹ̀ nínú ohun tí a ṣe àti nínú ohun tí a kọ̀ láti ṣe, mo bojú wẹ̀yìn. Lar dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ńlá, ó ti yí gbogbo orí rẹ̀ síwájú, ó ń ka ohun tó wà lórí tábìlì ẹ̀bùn.

Ọ̀pá náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, mo ti gbé e sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí n lè gbé e lọ fún Lar, kí n sì sọ ohun tí mo rí láti orí bẹ́ńṣì. Afárá yẹn kò gùn, ẹni tó bá ń sọdá rẹ̀ kò ní ka àdúrà Mo kí ọ Màríà kan tán. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, mo bá ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti apá kejì. Mo ní kó kọjá. Mo sì yí padà.